Ilé Gogoro Tó Gbàgbé Ilẹ̀

Ní Duluth, létí adágún tó ń ṣe bí ẹni pé òkun ni òun,
yìnyín ti bo fèrèsé yàrá abẹ́ ilé Marlys dé ọrùn.
A jẹ́ mẹ́rin nídìí tábìlì. Àga karùn-ún wà níbẹ̀:
ẹnikẹ́ni ò gbé e kúrò, ẹnikẹ́ni ò sì jókòó lé e.
Marlys ṣí ìwé ìṣirò onílà wẹ́wẹ́ tó ti gbó,
ó ní, "Ẹ gbójú sókè."
A gbójú sókè. Páìpù omi gbígbóná la rí.
Ó ní, "Ẹ gbójú sókè dáadáa."

Ni a bá tún rí i.

Ilé gogoro oṣó, ìdajì ló kù,
ó léfòó lójú ọ̀run bí eyín tó ti mì tí kò tíì yọ.
Erùpẹ̀ ṣì so mọ́ ọn nídìí, gbòǹgbò igi ń fì lábẹ́ rẹ̀.
Òkúta ń já bọ́ lára ògiri rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan,
ṣùgbọ́n wọn kì í dé ilẹ̀:
wọ́n á rò ó wò lágbedeméjì, wọ́n á padà sókè.
Òkò tó lọ sókè, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Gbogbo ayé ló mọ̀.
Òkò ibí yìí ni kò gbọ́.
Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, wọ́n ní, ni oṣó náà fi gbé ilé rẹ̀ kúrò nílẹ̀,
ikú sì dé kó tó sọ èkejì tí ì bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀.
Àtigùn kò ṣòro. Àtisọ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Dwight, tó ń wa ọkọ̀ agbáyìnyín lójú títì, ni jagunjagun wa.
Ó ju okùn onìkọ́. Dáìsì olójú ogún yí, ó yí,
ó forí sọ ife kọfí: mẹ́ta.
Okùn padà wá bá a bí ajá tí kò rí ẹran pa.
Ó tún jù ú. Mẹ́tàdínlógún. Ó kọ́.
Èmi olè ni mo ṣáájú
(lójúmọ́, owó olówó ni mò ń kà ní báńkì, kò sí kọ́bọ̀ tó dínkù rí).

Nínú, ilẹ̀ ti di ògiri, ògiri ti di òrùlé.
Àwọn ìwé ń fò kiri láìníyẹ̀ẹ́, wọ́n ń wá pẹpẹ wọn.
Bàtà oṣó, ẹsẹ̀ kan péré, ń lọ, ó ń bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà,
ó ń dúró de ẹsẹ̀.
A rẹ́rìn-ín bàtà yẹn títí Corliss fi da ẹ̀pà sílẹ̀.

Ní àjà kẹta, Marlys dákẹ́.
Ó fa tákàdá kan yọ, ó tẹ́ ẹ síwájú àga karùn-ún.
Ọwọ́ ìkọ̀wé Orrin, àbúrò rẹ̀,
tí adágún gbà lọ́wọ́ wa lóṣù kọkànlá, òun àti ọkọ̀ apẹja rẹ̀.
Ibí la ti dáwọ́ dúró lálẹ́ ọjọ́ náà,
a ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.
Ẹ̀mí rẹ̀ ku mẹ́rin. Nínú àpò: okùn, àbẹ́là méjì.
Pẹ́ńsùlù ni gbogbo rẹ̀. Rọ́bà wà lórí tábìlì.
A ò wò ó.

Marlys ní, "Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn tó já. Ó ní, ẹ pẹ́ o."
Ẹ̀rọ amúlémóoru nìkan ló ń kùn.
Corliss wá ní, "A mú búrẹ́dì wá."

Ìwé kan bà lé mi léjìká, ó ṣí fúnra rẹ̀:
ọ̀rọ̀ kejì, gbọnrangandan, nínú yíǹkì pupa.
Mo kà á sínú. Mo pa ìwé dé.
Olè ni mí; mo jí i, n ò sọ fún ẹnì kankan.

Lóru, mò ń ha yìnyín lójú mọ́tò,
nǹkan kékeré kan já bọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi,
kò sì dún nílẹ̀.
Mo gbójú sókè.
Dáadáa.